Ẹsẹ Kẹta Tí Wọ́n Yọ Nínú Orin Ọ̀gá Àkànmú

Wọ́n ní kí ọkùnrin tó ṣẹ̀dá orin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nígbà tó ń kọ orin náà.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa tún gbólóhùn yẹn kà, nítorí mo ti rí i pé ayé òde òní ti sọ yín di ẹni tí ń fi ojú fo nǹkan. Kì í ṣe àgbọ́sọ. Mo wà níbẹ̀. Àga tèmi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, lábẹ́ kánópì funfun tí wọ́n ta síwájú gbọ̀ngàn wa ní Ìkòsì, ní Èkó, lọ́jọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń ṣe àjọ̀dún. Mo rí ọwọ́ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ léjìká. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i. N óò sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tó sọnù. Ẹni tí kò mọ bí ilé kan ti ga tó tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sọ fún un pé ó wó, á ní ṣé nítorí òkìtì amọ̀ yìí náà ni.

Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, Ìkòsì kò rí bí ẹ ti ń wò ó yìí. Ọjà Mile 12 ti wà, ọkọ̀ tòmátò ti ń wọlé láti òkè Ọya, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè dá ohùn ẹnì kan mọ̀ nínú ariwo rẹ̀. Lónìí, ariwo ti gbé ohùn mì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, kò sí agogo, kò sí sìréènì. Orin ló ń jí wa. Ọ̀gá Àkànmú, tó ń kọ́ wa lórin nígbà náà, á dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín àwọn ilé ibùgbé, á dá orin kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn obìnrin tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á gbà á lóhùn òkè, àwa ọkùnrin á gbà á nísàlẹ̀, oorun á ṣì wà lọ́fun wa, ohùn àwọn kan á máa há. Kí orin tó parí, olúkúlùkù ti gbé korobá rẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Lọ́jọ́ tí a bá pẹ́, á ti máa kígbe láti ìta pé, “Kí ló dé lónìí o? Ta ni ara rẹ̀ ò yá?” Òun ò kàwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n orin wa lòun náà fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Kì í ṣe ọmọ olówó, kò sì lọ òkè òkun lọ kọ́ orin. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Anthony ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣí ojú ewé fún ẹni tó ń tẹ dùùrù. Nígbà tó yá, ó di tíṣà ní Kétu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá orin. Àwọn ará àdúgbò á sáré wá bá a: “Tíṣà, ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó.” “Tíṣà, bàbá wa ti papò dà, ẹ bá wa ṣe orin tí a ó fi sin wọ́n.” Á bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni bàbá náà. Bí wọ́n bá ní èèyàn rere ni, á ní, “Ìyẹn ò tí ì tó mi í kọ. Kí ni bàbá yín máa ń ṣe tó máa ń bí yín nínú?” Ibẹ̀ lorin náà á ti wá. Mo lọ sí ìsìnkú bàbá kan ní Alápẹ̀rẹ̀ tí orin Ọ̀gá sọ bí olóògbé náà ti máa ń wú ikọ́ àmọ̀ọ́mọ̀wú láàárọ̀ kí gbogbo ilé lè jí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú wọn, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà sì wú ikọ́ náà gan-an síbi pósí. Èmi ò tí ì rí ìsìnkú tí wọ́n ti ṣe olóògbé lẹ́yẹ jùyẹn lọ.

Ó máa ń kó wa lọ sí Agboyi, níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn nínú odò. Ẹni tó bá mòòkùn, tó gbé korobá yanrìn wá sókè, èémí tó bá kọ́kọ́ fà ni Ọ̀gá á ní kí a tẹ́tí sí. “Ẹ gbọ́ bó ṣe mí,” á wí. “Ibi tí ọ̀fun èèyàn bá ti ń wá èémí ni kí orin ti dúró. Ẹ má ṣe orin tó ń fún èèyàn lọ́rùn.” Ohun tó kọ́ lẹ́nu odò yẹn ló fi ṣe orin kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ lọ wò ó. Ẹni tó rẹ̀, ẹni tó dàgbà, ẹni tó ní ikọ́ ife, kò sẹ́ni tí kò lè kọ ọ́ dópin.

Nígbà tí mo parí yunifásítì, mo padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ̀yìn tì. Ààrẹ là ń pe olórí tiwa. Àwọn olùkọ́ àgbà méjì tí wọ́n ń du ipò náà ba ara wọn jẹ́ débi pé àwọn alábòójútó lọ mú ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí akọrin ṣe di Ààrẹ nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀gàn nínú yàrá àwọn olùkọ́! Ọ̀kan ní, “Bí òrùlé bá ń jò, ṣé orin lọ̀gá máa kọ sí i?” Èkejì ní, “Ó kéré tán, ìpàdé á ládùn.” Ọ̀gá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò mọ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ó dá a. Èmi á gbè é.” A rò pé ó ń ṣàwàdà ni. A ò mọ̀ pé ohun tó ní lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí wa ti ti Jímọ̀ dé, ó pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró síwájú àga náà. Ó ní láti òní lọ, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, òun á dúró báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀hónú, ì báà ṣe akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, agbálẹ̀ tàbí alásè, kó bọ́ síwájú, kó fi orin sọ ọ́. Òun Ààrẹ kò ní jókòó títí òun á fi dáhùn, orin lòun náà á sì fi dáhùn. A pe àṣà náà ní Ìdúró. “Màá wò ó” kì í ṣe ìdáhùn. Bó bá dán an wò láti kọ ọ́ lórin pé òun á wò ó, gbogbo gbọ̀ngàn á gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Nígbà wo? Nígbà wo?” Òrùlé gbọ̀ngàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ orin, torí èmi nígbà yẹn gbà pé ìwé ló yẹ kéèyàn kọ. Ó ní, “Ìwé á sùn sínú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi orin sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ ro ó dáadáa. Ìbínú tí kò bá lè wọ inú orin, èébú lásán ni. Èyí tó bá sì wọ̀ ọ́, èmi náà ò lè gbàgbé rẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ ó máa kọ ọ́ lẹ́yìn mi bí mo bá ń kọjá.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ìyá Ràṣídì, tó jẹ́ olórí àwọn alásè wa, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú nínú àwọn òṣìṣẹ́. Ó so ìró mọ́ ìdí bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó dá a pé:

Ọ̀gá ń jẹun, Ọ̀gá ò wúkọ́,
Èmi tí mo sè é wúkọ́ dé orí ẹní.

Gbogbo wa gbè é. Ọ̀gá fi orin dáhùn pé, “Ìyá Ràṣídì, mo gbọ́ yín, lọ́la n óò wá bá yín wúkọ́.” Lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, Ààrẹ gbé àpótí lọ sílé ìdáná, ó jókòó síbi tí wọ́n ti ń se ẹ̀wà. Èéfín igi bò ó. Nígbà tó fẹ́ dìde, Ìyá Ràṣídì na ṣíbí ìrokà sí i: “Ọ̀gá, ẹ má sá o! Ẹ̀wà ò tí ì jinná!” Ó padà jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata nígbà tó jáde. Kí ọjọ́ Ẹtì mìíràn tó dé, wọ́n ti fọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná, atẹ́gùn wọlé. Ìyẹn ni ìdáhùn sí ẹni tó béèrè bóyá orin lèèyàn fi ń tún òrùlé ṣe.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn mú mi rántí dùùrù Agboyi. Òjò kan rọ̀ tó jẹ́ kí odò Ògùn kún wọ ilé àwọn èèyàn lẹ́yìn Mile 12. Ilé ìjọsìn kékeré kan ní Agboyi ní kí a wá gbé dùùrù wọn, kí omi má bàa bà á jẹ́. Ọ̀gá ò rán ẹnikẹ́ni, òun gan-an ló lọ, èmi náà tẹ̀ lé e. Ó jẹ́ dùùrù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fẹ́. A gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. A ò tí ì rìn jìnnà tí Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ kan ibi ìfẹ́ rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti wọ inú rẹ̀. Ó tẹ ohùn kan. Ó tẹ èkejì. Kí n tó mọ̀, ó ti wọ inú orin.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́!” Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà pariwo. “Ẹ̀yin ń fẹsẹ̀ jó, èmi ń fọwọ́ wà á. Bí omi bá wọlé, ta ló máa sọ fún wa?”

“Ẹ máa wà á tẹ̀ lé orin mi, kò ní mì.”

“Ẹja ò gbọ́ orin yín, Ọ̀gá! Wọ́n ń sá ni!”

Ọkọ̀ mì lóòótọ́. Dùùrù ò bọ́ sómi, ṣùgbọ́n bàtà Ọ̀gá bọ́. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan, gbogbo Kétu ló rí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá orin pé, “Bàtà Ààrẹ dà?” Ó ní láti dúró síbẹ̀ dáhùn pé ó ti lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Agboyi, bó bá gboyè tán á padà wálé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi ara yín léèrè: èwo nínú àwọn olórí yín lẹ lè bi ní ìbéèrè nípa bàtà rẹ̀ lónìí, tí ẹ ó sì sùn nílé yín?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Èyí ni mo ti ń bọ̀ wá sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣèyí. Ìlú òkè ló ti wá, kò ní ẹnikẹ́ni ní Èkó àfi àǹtí rẹ̀ tó ń ta ata ní Mile 12. Wọ́n ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀dì fún un nílé ibùgbé. Nígbà tó dé, bẹ́ẹ̀dì ti di ti ẹlòmíràn. Ó ń sùn ní ìsọ̀ àǹtí rẹ̀, òun àti apẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó bọ́ síwájú, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó dá orin pẹ̀lú ohùn tí kò ju ti ẹyẹ lọ:

Lórí apẹ̀rẹ̀ tòmátò ni mò ń sùn,
Òórùn ata ló ń jí mi;
Bẹ́ẹ̀dì mi ń bẹ lókè lọ́hùn-ún,
Ìbátan Ààrẹ ló sùn sí i.

Kò sẹ́ni tó gbè é. Òótọ́ ni. Ọmọ àbúrò ìyàwó Ọ̀gá ló wà níbẹ̀, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n wá àyè fún un. Kò béèrè àyè ta ni.

Ọ̀gá la ẹnu. Kò sí orin níbẹ̀. Akọ̀wé àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹ̀ sí i létí pé, “Ẹ jókòó, sà, kò burú.” Ó mi orí. Oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé rọra rìn lórí ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá ṣì dúró. Àwọn olùkọ́ kan yọ́ jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò kúrò. Nígbà tó yá, ó fi ohùn méjì péré kọ ọ́, bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé: “Òótọ́ ni. Èmi ni.” Nígbà náà ló tó jókòó. Ṣèyí sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbátan Ọ̀gá lọ ń sùn ní pálọ̀ Ọ̀gá.

Orin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹsẹ méjì ló ní títí di ìgbà yẹn. Ó ṣe ẹsẹ kẹta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ṣèyí, ó ní kí a máa kọ ọ́ láràárọ̀ létí òun:

Ẹni a fi ṣolórí, má yára jókòó,
Gbọ́ tẹni tó ń sunkún kóo tó sinmi;
Bóo bá jẹ̀bi, wí pé o jẹ̀bi;
Dúró, dáhùn, lẹ́yìn náà jókòó.

Ìtìjú ara rẹ̀ ló fi ṣe orin, ó sì fi í lé wa lọ́wọ́ kí a máa fi nà án. Mo ti bá àwọn olórí púpọ̀ ṣiṣẹ́ láyé mi. Mi ò rí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé ohun gbogbo dára nígbà náà. Irọ́ ni àwọn àgbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń pa. Omi ẹ̀rọ ò tó wa, iná ń lọ, orin ò sì lè fa omi jáde nínú páìpù gbígbẹ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a mọ ẹni tó máa dúró níwájú wa lọ́jọ́ Ẹtì, tó máa sọ fún wa pé omi ò sí, tó sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sọ Ìdúró di ti oṣooṣù, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó tún jẹ sọ ọ́ di ti ìparí táàmù, ó sì ń jókòó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé àpótí ìwé ẹ̀hónú sẹ́nu ilẹ̀kùn. Lónìí, orí fóònù ni. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó wà níbẹ̀ báyìí fi tirẹ̀ hàn mí. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti gba ẹ̀sùn rẹ̀, wọ́n dúpẹ́.

Mo ní, “Ta ló dúpẹ́?”

“Grandpa, kì í ṣe èèyàn. Fúnra ẹ̀ ló ń dáhùn.”

“Kí lo fi sùn?”

“Omi. Omi ò sí ní hostel.”

“Omi ọ̀hún ti wá bí?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Grandpa náà sef!”

Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ẹkún lọ. Ẹni tó bá ń sunkún ṣì ń retí ẹnì kan.

Ó wá di ọjọ́ àjọ̀dún. Wọ́n fi ìwé pe Ọ̀gá, wọ́n fi í sí ìlà tó sún mọ́ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá. Mo ní kí n lọ bá wọn sọ ọ́, ó fà mí láṣọ, ó ní, “Fi sílẹ̀. Orin kì í mọ ìlà.” Nígbà tó tó àkókò orin kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sẹ́ni tó dá a. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Àwọn kan ti lọ gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò, pẹ̀lú ìlù tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àyè èémí tí Ọ̀gá kọ́ ní Agboyi, wọ́n ti dí i pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹsẹ kìíní parí. Ẹsẹ kejì parí. Ẹ̀rọ dákẹ́, gbogbo èèyàn jókòó. Àwọn olórí ló kọ́kọ́ jókòó.

Ọ̀gá nìkan ló kù lórí ìdúró. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ti wọ ẹsẹ kẹta: “Ẹni a fi ṣolórí, má yára jókòó...” Ohùn rẹ̀ ti tín-ínrín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Èmi náà dìde, mo gbè é. Láti apá òsì lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó gbà á lókè. Mi ò tí ì wẹ̀yìn tí mo ti mọ̀ pé Ṣèyí ni, Ṣèyí tó ti di ìyá àgbà, tó ń kọ́ ọmọ àwọn èèyàn ní Kétu.

Ẹni tó ń darí ètò sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Bàbá wa, a dúpẹ́ o! Orin ti parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, àkókò ń lọ.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò dá orin dúró. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó so aṣọ mọ́ apá rìn wá, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. “Daddy, ẹ dákẹ́ jàre. Àwọn àlejò ń wò wá.” Ó tẹ̀ ẹ́ kí Ọ̀gá tó dé “wí pé o jẹ̀bi.” Mo ní, “Ìwọ, ǹjẹ́ o mọ ẹni tí o fọwọ́ kàn?” Ó ní, “Sà, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́.”

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà sí Alápẹ̀rẹ̀ níbi tí Ọ̀gá ń gbé, a kọjá Kétu. Ó wá ní, “Ọmọ yẹn, ṣé o rò pé ó mọ ẹsẹ kẹta?”

“Kò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Ìyẹn ló dùn mí. Bó bá mọ̀ ọ́n, tó sì pa mí lẹ́nu mọ́, ìjà nìyẹn, mo mọ ìjà. Kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé arúgbó tí orí rẹ̀ ti dàrú ni mí.”

Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà kí ó má bàa gbọ́: “Orin ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti wẹ̀ tán. Bó bá ń fá irùngbọ̀n, orin kan ni; bó bá ń nura, orin á yí padà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni. Báyìí, mo ní láti kan ilẹ̀kùn bi í bóyá kò ṣubú.” Ọkùnrin náà ti dàgbà gan-an. Bí ẹsẹ kẹta bá máa padà tí òun á sì gbọ́ ọ kí ó tó lọ, kò sí àkókò láti fi ṣòfò.

Mo lọ sí ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo múra dáadáa, kí wọ́n má bàa ní arúgbó kan ló wá ṣagbe. Obìnrin tó gbà mí níbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Daddy, kọmítì ló ṣe é.”

“Àwọn ta ni kọmítì?”

“Kọmítì náà ni, sà.”

“Kí nìdí tí wọ́n fi yọ ọ́?”

“Wọ́n ní orin náà gùn.” Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọ́n sì ní ẹsẹ yẹn máa ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbójú.”

Ẹ ṣé o. Ọ̀rọ̀ ti délẹ̀. Àwáwí pé orin gùn ti tán, ẹsẹ tó ń báni wí gan-an ló ń bí wọn nínú. Bí ojúmọ́ bá fẹ́ mọ́ bá olè, kì í fẹ́ kí àkùkọ kọ.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ báyìí. Ẹ gbọ́ ni, kí ẹ lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin Ààrẹ àti ẹ̀yin kọmítì tí kò lórúkọ ni mò ń bá wí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá ti ti Jímọ̀ dé, èmi àti Ṣèyí àti gbogbo ẹni tó bá ṣì rántí á wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. A ó dá ẹsẹ kẹta. Bí Ọ̀gá bá gbà láti bá wa wá, a ó fún un ní àga níwájú. Bí kò bá gbà, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ bá a ní Alápẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá wa lóhùn. Ta ló mú ọ̀bẹ sí orin náà, kí sì ni orúkọ rẹ̀? Ta ló bi Ọ̀gá léèrè kí wọ́n tó ṣe é? Ta ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga? Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé òótọ́ ni, èmi ni, bí òun náà ti sọ ọ́ fún ọmọ tó ń sùn lórí apẹ̀rẹ̀?

A ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ máa wò ó. Ẹ dìde. Àga yín wà lẹ́yìn yín, kò ní sá lọ. Ẹ dáhùn ná, kí ẹ tó jókòó.